Ìtàn ìgbésí ayé, ọgbà, ẹ̀kọ́ àti ẹ̀sìn: ìwé wo ni kí ẹgbẹ́ òǹkàwé wa kọ́kọ́ ṣí?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan wà ní àdúgbò wa tí ó kún fún àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, àwọn tó fẹ́ràn ọgbà, àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. A ti fohùn ṣọ̀kan pé ìwé tí kì í ṣe àròsọ ni a ó máa kà ní sáà tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wa pín sí mẹ́rin. Àwọn kan ń fẹ́ ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn, àwọn kan ń fẹ́ ìtàn ọgbà àti ewéko, àwọn olùkọ́ ń bèèrè ìtàn ètò ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó sì jẹ àwọn yòókù lógún. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ èyí tí ẹ ti kà tí ó ṣe yín láǹfààní, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa, nítorí owó ìwé kò pọ̀ lọ́wọ́ wa, a kò sì fẹ́ ra ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní kà.

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, akọ̀wé. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má ṣe pín ìwé náà sí mẹ́rin rárá. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé èyíkéyìí nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ di ọ̀mọ̀wé kò lè ṣe é kí ó má kan ilé ìwé, kò lè ṣe é kí ó má kan ìsìn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fo ilẹ̀ tí onítọ̀hún gbé tí ó sì gbìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìgbésí ayé ènìyàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé kọ̀ọ̀kan tọ́ka èyí tí ó kàn fún yín.

Èyí tí mo bá fi ṣáájú ni Aké, ìtàn ìgbà èwe Wọlé Ṣóyínká tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1981, ẹ̀yin sì ni ó yẹ jù, nítorí ìlú yín gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Inú ọgbà ìjọ Áńgílíkà ní Aké ni ọmọ náà dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ oníṣòwò àti onígbàgbọ́ tí kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣeré. Igi pómégíránétì wà nínú ọgbà náà, ọmọdé náà sì so ó mọ́ àwọn ìtàn inú Bíbélì. Láti inú òdòdó bougainvillea ni ó sì máa ń rí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tí ń yọ jáde, bẹ́ẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù ti kú ní ohun tó lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó bí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ ń bèèrè ti pàdé nínú ọgbà kan ṣoṣo. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ ìwé náà di Yorùbá, ó sì pè é ní Aké: Ní Ìgbà Èwe. Tí ẹ bá lè rí méjèèjì, kí àwọn kan ka ti Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn kan ka ti Yorùbá, ìjíròrò yín yóò ládùn gidigidi.

Láti ibẹ̀, ẹ tẹ̀lé Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, àwọn ọkọ̀ ogun orí omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní Sierra Leone ní 1827, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Jesse Page kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1888, nígbà tí bàbá náà ṣì wà láyé. Àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń dáwó fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì ni a kọ ìwé yẹn fún, nítorí náà ẹ má ṣe retí pé yóò sọ ohunkóhun tí yóò mú ọkàn wọn wúwo. Lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán, ẹ mú ìwé J. F. Adé Àjàyí, Christian Missions in Nigeria, 1841–1891, tí ó jáde ní 1965. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ bí ilé ìwé míṣọ́nnárì ṣe dá ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé tuntun sílẹ̀ láàárín wa, àti bí àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ ṣe gba àṣẹ lọ́wọ́ Crowther ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan láìka èkejì kò tíì mọ ọkùnrin náà.

Ẹnìkan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí pé òun ni ó so ọgbà pọ̀ mọ́ ìsìn jù lọ nínú gbogbo wọn, èyíinì ni Thomas Birch Freeman. Mo fi èyí sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́gbà tó wà níbí.

Olùtọ́jú ọgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun, ẹ ti la ọ̀nà tí mo fẹ́ tọ̀. Àwọn tó ń sọ pé a kò ní ìwé ìtàn ọgbà ń wá irú ìwé tí wọ́n kọ nípa ọgbà àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ògiri yí ká, tí òdòdó sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìtàn ọgbà tiwa wà ní ẹ̀yìnkùlé, ní oko etílé, ní igbó òrìṣà àti ní oko kòkó, inú ìwé tí àkọlé rẹ̀ kò dárúkọ ọgbà ni ẹ ó sì ti bá a.

Àpẹẹrẹ pàtàkì ni Freeman yìí. Ọmọ ọkùnrin adúláwọ̀ àti obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà ni ó sì ń ṣe fún ọlọ́lá kan ní Suffolk kí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó rán an sí Cape Coast ní 1838. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ó dé Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ igi àgíà tí ó wó ní 1959. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ó dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń bá Freeman ṣiṣẹ́, ni ó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843. Ìwé ìrìnàjò tí Freeman fúnra rẹ̀ kọ jáde ní 1844. Ojú ẹni tí ó mọ ewéko ni ó fi wo ọ̀nà tí ó tọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á. Allen Birtwhistle kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1950. Ẹ má ṣe fo ibi tí a ti sọ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1857 nítorí ọ̀rọ̀ owó tí ó ná kọjá ààlà, tí kò sì padà sí iṣẹ́ ìjọ títí di 1873. Ìwé tí ó bá jẹ́ kí a rí àṣìṣe ẹni tí ó ń yìn ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo Alfred Moloney, gómìnà Èkó. Ní 1887 ni ó dá ọgbà ìwádìí ewéko sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ọdún yẹn náà ni ìwé rẹ̀ Sketch of the Forestry of West Africa jáde. Ohun tí òwò ń fẹ́ ni ó gbájú mọ́: epo pupa, rọ́bà, òwú, aró, pákó. Ìwé náà wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kà á, ẹ máa bi ara yín pé ta ni yóò jèrè ohun tí ó ń kà sílẹ̀ yìí, nítorí ìbéèrè yẹn ni yóò ṣàlàyé ohun tí ó kọ àti ohun tí ó fò.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìtàn kòkó ní Agége. J. P. L. Davies gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjàn ní nǹkan bí 1880, Jacob Kẹ́hìndé Coker sì wá di aṣáájú àwọn àgbẹ̀ Agége. Coker yìí kan náà wà lára àwọn olórí ìjọ Áfíríkà tí ó yapa kúrò lára ìjọ Áńgílíkà ní 1901. Àwọn oníwàásù àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ kòkó ní Agége mú un lọ sí ìlú wọn, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyìn rere àti ìmọ̀ ọ̀gbìn jọ rìn ni. Ìwé J. B. Webster, The African Churches among the Yoruba, 1888–1922, tí ó jáde ní 1964, àti ìwé Sara Berry lórí kòkó ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí ó jáde ní 1975, ni kí ẹ fi wé ara wọn. Ẹ̀sìn ni ti àkọ́kọ́ fi ṣe kókó, ọrọ̀ ajé ni ti èkejì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n ń sọ nípa wọn.

Fún orúkọ ewéko, ẹ wá ìwé J. M. Dalziel, The Useful Plants of West Tropical Africa, ti ọdún 1937. Ìwé tí a kì í kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Ẹ ṣí i nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé kan ní Ìjẹ̀bú, kí ó jẹ́ ti òmíràn ní Èkìtì, nítorí náà ẹ mú ewé náà fúnra rẹ̀ wá sí ìpàdé kí àwọn àgbà fojú rí i kí ẹ tó gba ohun tí ìwé sọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní ìbéèrè kan sí i. Mùsùlùmí wà nínú ẹgbẹ́ wa, onígbàgbọ́ wà, ọmọ awo kan náà sì wà. Báwo ni a ṣe lè ka ìwé ẹ̀sìn láìjẹ́ pé ẹnìkan rò pé a ń fi ìsìn òun wọ́lẹ̀?

Olùkọ́ èdè Yorùbá, Ọ̀yọ́

Ẹ kò nílò láti bẹ̀rù, akọ̀wé, bí ẹ bá mọ ẹni tí ó kọ ìwé kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó ń wá nígbà tí ó ń kọ ọ́. Àlùfáà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìwé lórí ìsìn ìbílẹ̀. E. M. Líjàdù, ẹni ìjọ Áńgílíkà, kọ ìwé lórí Ifá ní èdè Yorùbá ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ọ̀rúnmìlà sì tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Ó fẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ mọ ohun tí wọ́n ń bá jà ni, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù láti jókòó ti àwọn babaláwo, ó sì kọ ẹsẹ̀ Ifá sílẹ̀ tí a kì bá má rí mọ́. J. Olúmídé Lucas wá kọ tirẹ̀ ní 1948, ó sì gbìyànjú láti fi hàn pé láti Íjíbítì ni ìsìn Yorùbá ti wá. Àwọn onímọ̀ kò gba ẹ̀rí rẹ̀ lórí ìyẹn, èmi náà kò gbà á, síbẹ̀ ohun tí ó kó jọ nípa ìṣe àwọn òrìṣà ṣì wúlò. Ìwé Bọ́lájí Ìdòwú, Olódùmarè: God in Yoruba Belief, jáde ní 1962. Onígbàgbọ́ ni òun náà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì fi ṣe olórí ní ìgbẹ̀yìn. Ìlépa rẹ̀ ni láti fi hàn pé àwọn baba wa mọ Ọlọ́run kan ṣoṣo tí gbogbo òrìṣà ń jíṣẹ́ fún.

Ẹ wá fi ti Wándé Abímbọ́lá tì í, Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1968. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, ohùn àwọn awo fúnra wọn ni ó sì kó jọ, kò lọ wá Ọlọ́run àwọn ará ibòmíràn kí ó tó mọ iyì ohun tí ó ń gbọ́. Ní ojú tèmi, bí ẹ bá lè ra ẹyọ ìwé kan péré lórí ìsìn ìbílẹ̀, èyí ni kí ẹ rà. Ẹ sọ fún ọmọ awo yín kí ó ka ẹsẹ̀ kan sókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, nítorí ohun tí etí gbọ́ ni Ifá jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Fún àwọn Mùsùlùmí, T. G. O. Gbàdàmọ́sí kọ The Growth of Islam among the Yoruba, 1841–1908, ní 1978. Ìsìn Ìsìláàmù ti wà láàárín wa ṣáájú àwọn míṣọ́nnárì, ilé kéú sì ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kí ilé ìwé Àgbádárìgì tó ṣí, ìdí nìyí tí ìwé yìí fi yẹ kí ó wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yín pẹ̀lú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tó mú J. D. Y. Peel, Christianity, Islam, and Orisa-Religion, ti 2016, tí ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé, Ìlọrin

Ìkìlọ̀ kékeré kan lórí ìtàn ìgbésí ayé. Láàárín 1929 sí 1930, lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ó ń jẹ́wọ́ bí ó ṣe lo ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé òótọ́ ni. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé rere ni, ṣùgbọ́n kò sí ní ibi tí ẹ ń lọ yìí. Nígbàkígbà tí ẹ bá mú ìtàn ìgbésí ayé, ẹ bèèrè ẹni tí ó sọ ọ́, ìgbà tí ó sọ ọ́, àti bóyá ẹlòmíràn jẹ́rìí sí i.

Ìyá olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀

Akọ̀wé, ọmọ mi, mo ti ń retí kí ẹnìkan dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ìwé ìpìlẹ̀ ni History of Education in Nigeria tí Babs Fáfúnwá kọ ní 1974. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì. Ẹ̀kọ́ ilé, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà ọmọlúàbí ni ó kọ́kọ́ kà sí ẹ̀kọ́, ó tẹ̀ síwájú sí ilé kéú, kí ó tó dé ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí gbogbo òbí kà ni Education in Mother Tongue, tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1989. Ní 1970 ni yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àdánwò ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tí ó mọ̀ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn ń fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ jálẹ̀ ni ó ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń dùn mí dọ́kàn pé a ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, síbẹ̀ àwọn òbí ṣì ń san owó ńlá kí wọ́n má baà gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ wọn. Ẹ ka ìwé ìgbésí ayé Fáfúnwá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, Up and On ni ó pè é.

Ẹ tún ka Awo, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ ní 1960. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ọmọ náà sì ní láti wá owó ilé ìwé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ yóò mọ ìdí tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn kò tó 460,000 ní 1954, wọ́n sì ju 800,000 lọ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹ fojú inú wo bí a ó ṣe rí olùkọ́ fún wọn láàárín oṣù díẹ̀! Kí àwọn olùkọ́ àgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ yín sọ ohun tí ojú wọn rí ní ìgbà náà, kí ọ̀dọ́ kan sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn obìnrin. Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba kọ ìtàn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní 1997, For Women and the Nation ni àkọlé rẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà ni ó sì ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ìjà owó orí tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949. Ọmọdé tí ń sáré jíṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin náà ni ó sọ ọ́ nínú Aké. Àwọn olùwádìí ni ó sọ ọ́ níhìn-ín. Ẹ ka méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ọmọ Yorùbá kan ní London

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ fi kún un. The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ ti kúrò lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ẹ lè gbà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Moloney, ti Page àti ti Freeman. Ìwé Peel ti 2016 jẹ́ ọ̀fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì sọ ìwé àfọwọ́kọ náà nù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ọkọ̀ tí ó gbé e ní 1916 bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, 1921 ni ó tó jáde. Ọ̀yọ́ ni Johnson fi ṣe àárín ohun gbogbo, kí ẹ̀yin Ẹ̀gbá má ṣe jẹ́ kí ìyẹn bí yín nínú.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ rí lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì fúnra wọn, yunifásítì Birmingham ni àwọn ìwé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, wà, ilé ẹ̀kọ́ gíga SOAS ní London sì ni ti Mẹ́tọ́díìsì.

Ọmọ Yorùbá kan ní Salvador, Bahia

Ewé àti ẹ̀sìn kò ṣeé yà ní ọ̀dọ̀ wa níbí. Pierre Verger, ará Paris tí ó di babaláwo ní Kétu, tẹ Ewé jáde ní 1995, oògùn àti ọfọ̀ tí ó lé ní irinwó ni ó wà níbẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan. Robert Voeks ṣàlàyé nínú Sacred Leaves of Candomblé, ti 1997 (Candomblé ni ìsìn òrìṣà ní Brazil), bí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ṣe wá ewé tí ó jọ ti ilé nínú igbó Bahia, tí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò èyí tí wọn kò rí. Ti Kúbà ni El Monte tí Lydia Cabrera kọ ní 1954. Ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì láti 2023. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe po oògùn kankan láti inú ìwé wọ̀nyí. Ẹ kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtàn, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìlera sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Aké ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, ní èdè méjèèjì, a ó sì ka For Women and the Nation tẹ̀lé e. Ìṣòro tó kù ni ìwé Líjàdù, Dalziel àti Webster, tí a kò rí ní ìsọ̀ ìwé kankan níbí.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé, Ìlọrin

Ẹ kọ ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ sọ orúkọ ẹgbẹ́ yín àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wá. Ìwé tí Henry Carr kó jọ ní Èkó, tí ìjọba rà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1945, wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé náà, ibẹ̀ sì ni mo bá kọ́kọ́ wò fún irú ìwé báwọ̀nyí. Kí ẹni méjì tí ojú wọn mọ́lẹ̀ dáadáa lọ, pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé àti pẹ́ńsù, kí wọ́n sì mọ̀ ṣáájú pé àkọtọ́ àtijọ́ ni Líjàdù lò: ẹ ó rí "aiye" àti "enia" níbi tí a ti ń kọ "ayé" àti "ènìyàn" lónìí, àmì ohùn kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kà á sókè, yóò yé yín.